Ọba Ni àbí Ààrẹ? Ìfiwéra Ọ̀nà Mẹ́rin, Kí Ìbò Tó Dé

Ọjọ́ tí mo di ọmọ onílùú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kó wa jọ sí gbọ̀ngàn kan ní London, wọ́n ní ká dìde ká búra. Mo ti rò pé ilẹ̀ la máa búra fún. Àṣé Ọba Charles Kẹta ni, òun àti àwọn àrólé rẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn lálẹ́, wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀.

"Àrólé wo? Títí kan èyí tí wọn ò tíì bí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi.

"Ta wá ni afọbajẹ wọn?"

Mo ní wọn ò ní. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà ò tíì kúrò létí mi.

Ọmọ Ìbàdàn ni wá, ìyẹn ló fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ní tiwa, kò sí ìdílé kan tó lè sọ pé òun ló ladé. Mọ́gàjí á gba oyè kékeré, á máa gun àkàbà lọ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀tún tàbí lọ́wọ́ Balógun, títí tí àkàbà á fi gbé ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ gùn dórí ìtẹ́ Olúbàdàn. Ó ní àléébù tirẹ̀, nítorí ẹni tó bá fi máa débẹ̀ ti darúgbó: Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn gorí oyè ní July 2024, wọ́n wàjà ní July 2025. Síbẹ̀, kò sí ọmọ jòjòló tí ẹnikẹ́ni ń búra fún.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti ẹ̀rín fún ọ̀pọ̀ wa tó wà lókè òkun. Orílẹ̀-èdè 15 ni Charles ṣì ń jẹ ọba lé lórí. Barbados ti bọ́ kúrò ní 30 November 2021. Jàmáíkà gbé àbá òfin tirẹ̀ wọ ilé aṣòfin ní December 2024. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú lè dìbò láì tíì gba páálí wọn, nítorí pé ọmọ Commonwealth ni. Bí wọ́n bá bi wá ní ọjọ́ kan pé kí la fẹ́, ó dára ká ti rò ó.

Ìlú tí olórí rẹ̀ kì í jogún ipò, tí wọ́n ń yàn án fún sáà kan, ni mò ń pè ní rìpọ́blíìkì níbí. Oríṣi mẹ́ta ló fara pamọ́ sínú orúkọ kan ṣoṣo yẹn, àìyà wọ́n sọ́tọ̀ ló sì ba tàwọn ará Ọsirélíà jẹ́, bí ẹ ó ṣe rí i. Kí n má sì tàn yín: èmi ò fara mọ́ kí olórí orílẹ̀-èdè máa jogún ipò. Ṣùgbọ́n mo ti gbìyànjú láti wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe rí.

Òṣùwọ̀n

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo lò. Èyí tó wúwo jù lójú mi ni pé, bí olórí bá burú, báwo la ṣe ń mú un kúrò? Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní ìdáhùn. Bí Aláàfin bá ti sú ìlú, Baṣọ̀run á ṣíwájú Ọ̀yọ́ Mèsì, wọn á gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ fún un, ọba á sì mọ̀ pé ó ti parí. Agbára yìí náà lè bàjẹ́. Baṣọ̀run Gáà lò ó títí ó fi ń yọ Aláàfin kan tẹ̀ lé òmíràn bí ẹni ń yọ iṣu lóko, kí Abíọ́dún tó rẹ́yìn rẹ̀ ní 1774. Òun la fi ń pa á lówe pé bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sọ òtítọ́. Ìbéèrè yẹn ní ojú méjì nígbà náà: ṣé a lè rọ olórí lóyè, ṣé kì í sì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ń rọ̀ ọ́?

Èkejì ni owó. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó máa làjà nígbà tí àwọn olóṣèlú bá di ara wọn lọ́rùn mú. Àwọn kan máa ń sọ pé olórí tí kì í ṣèjọba, ère lásán ni. Ẹ bi àwọn àgbà Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Oòni Adésọjí Adérẹ̀mí ni gómìnà tó ń ṣojú Ọbabìnrin Elizabeth níbẹ̀ ní 1962, nígbà tí ọ̀pọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí lẹ́tà pé àwọn ò tẹ̀ lé Akíntọ́lá, olórí ìjọba ibẹ̀, mọ́. Oòni yọ Akíntọ́lá nípò, wọ́n fi Adégbẹnró rọ́pò rẹ̀, láìjẹ́ pé ilé aṣòfin dìbò. Ẹjọ́ náà rìn títí dé iwájú Privy Council, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn nígbà náà, ní London, wọ́n sì ní ní May 1963 pé Oòni ò ṣẹ̀ sófin. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tún òfin ṣe kí ìdájọ́ náà má bàa ríbi dúró, nígbà tí Nàìjíríà sì di rìpọ́blíìkì ní October ọdún náà, ìlẹ̀kùn Privy Council tì pa. Ní Ọsirélíà náà, gómìnà àgbà John Kerr lé olóòtú ìjọba Gough Whitlam kúrò lórí àga ní 11 November 1975. Èyí tí ẹ̀ ń pè ní ère lè gbapò lọ́wọ́ èèyàn.

Ẹ̀kẹrin ni wàhálà ìyípadà fúnra rẹ̀, ìyẹn iye ìbò tí a ó dì àti iye òfin tí a ó tún kọ.

Kí ọba máa jẹ lọ

Mo bẹ̀rẹ̀ látibi tí ọba ti lágbára jù. Ọba kì í tọrọ ìbò, kì í jẹ gbèsè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Elizabeth Kejì lo 70 ọdún lórí ìtẹ́, olóòtú ìjọba ń wọlé ń jáde, àwọn èèyàn sì rí ojú kan tí wọ́n mọ̀. Ní Sípéènì, nígbà tí àwọn ológun ya wọ ilé aṣòfin pẹ̀lú ìbọn ní 23 February 1981, Ọba Juan Carlos ló wọ aṣọ ológun bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n lóru, ó pàṣẹ kí àwọn sójà padà sí bárékè, wọ́n sì padà. Ẹni tó bá ní ọba ò wúlò rárá, kó dáhùn alẹ́ ọjọ́ yẹn ná.

Ṣùgbọ́n alẹ́ kan nìyẹn, ọba kan nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ tí wọ́n nílò onílàjà, ọba ò lè làjà. Ní 2019, Boris Johnson tó jẹ́ olóòtú ìjọba ní kí Ọbabìnrin ti ilé aṣòfin pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún lásìkò tí ọ̀rọ̀ Brexit, ìyẹn kíkúrò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú àjọ ilẹ̀ Yúróòpù, ń gbóná. Ọbabìnrin fọwọ́ sí i. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù lọ ló sọ ní 24 September pé kò bófin mu. Mi ò dá mama lẹ́bi: ẹni tí ẹnikẹ́ni ò yàn, ẹnu wo ló máa fi sọ fún ẹni tí ará ìlú yàn pé rárá? Ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí ọba bá dákẹ́, kò wúlò. Bí ó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ta ló rán an.

Ní ti owó, mílíọ̀nù 86.3 pọ́ùn ni ìjọba ń fún ààfin lọ́dọọdún títí di March 2025. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fò sókè dé 132.1 mílíọ̀nù. Ohun tó fà á ni pé èrè Crown Estate, ìyẹn ilẹ̀ àti dúkìá adé, ni wọ́n fi ń ṣírò owó náà, èrè yẹn sì ti pọ̀ gan-an láti ara àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ iná afẹ́fẹ́ sójú òkun. Wọ́n ní àtúnṣe Buckingham Palace ni àlékún náà wà fún. Owó ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ wọn ò sí nínú rẹ̀. Owó tó ń wọlé láti ilẹ̀ Lancaster fún ọba àti ilẹ̀ Cornwall fún àrẹ̀mọ ò sí nínú rẹ̀. Ogún tí ọba bá sì fi sílẹ̀ fún ọba tó tẹ̀ lé e, àdéhùn 1993 ti yọ owó orí rẹ̀ kúrò, nígbà tí èmi àtẹ̀yin ò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn á ní àwọn arìnrìn-àjò ń tìtorí ọba wá. Ẹ lọ wo èrò tó ń tò ní Versailles, níbi tí ọba ò sí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ká wá dé orí ìrọ̀lóyè, níbi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n bẹ́ orí Charles Kìíní ní January 1649. Edward Kẹjọ gbé adé sílẹ̀ ní 1936 nítorí obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Láàárín ikú àti kí ọba fúnra rẹ̀ wù kó lọ, kò sí ọ̀nà tí ará ìlú lè tọ̀. Ní October 2025, Charles gba orúkọ ọmọ ọba lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ Andrew nítorí ìtìjú tó ti kó bá ìdílé, ṣùgbọ́n ìyẹn ò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí ìlà àwọn tó lè jọba. Ìyẹn gba òfin ilé aṣòfin, àwọn orílẹ̀-èdè yòókù tó ń pín ọba náà sì gbọ́dọ̀ gbà.

Àwọn kan lára wa máa ń sọ pé, "Ṣebí Yorùbá náà ń jọba." Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìdílé tó ń jọba pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìlú, afọbajẹ sì ń yàn láàárín wọn. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, wọ́n bẹ̀rù kí ọmọ tẹ̀ lé bàbá tó bẹ́ẹ̀ tí àrẹ̀mọ fi gbọ́dọ̀ bá ọba kú. Àtìbà ló yí i padà kí ọmọ rẹ̀ Adélù lè gorí ìtẹ́. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí ti Ìjàyè ní òun ò ní forí balẹ̀ fún Adélù láéláé. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, nígbà tó fi di 1862 Ìjàyè ti di ahoro. Ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, òun la jagun lé lórí. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2013 gbà kí àkọ́bí tó jẹ́ obìnrin ṣáájú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin; ó dára, ṣùgbọ́n ilé kan náà ló ṣì ń bí i.

Ìyípadà ní tirẹ̀ ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, nítorí a ò yí nǹkan kan padà. Àǹfààní ni, mi ò ní fojú kéré rẹ̀.

Ààrẹ tí ilé aṣòfin yàn

Èyí ló rọrùn jù láti ṣe. Olóòtú ìjọba ṣì ń ṣèjọba, ilé aṣòfin ṣì wà bó ṣe wà. Ẹni tó ń fọwọ́ sí òfin ló yí padà. Barbados fi han gbogbo ayé bó ṣe lè yá tó. Òfin wọn ò béèrè ìbò ará ìlú, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin tó. Wọ́n yan Sandra Mason, tó jẹ́ gómìnà àgbà tẹ́lẹ̀, ní October 2021. Nígbà tí aago méjìlá òru lù ní òpin November, ó di ààrẹ, Charles tó jẹ́ àrẹ̀mọ nígbà náà sì jókòó síbẹ̀ ń wò ó. Wọ́n ṣì wà nínú Commonwealth. Àwọn kan bínú pé wọn ò bi ará ìlú, ọ̀rọ̀ wọn sì jọ mí lójú: ilé tí a kọ́ láìbi onílé, onílé kì í fẹ́ tún un ṣe.

Ìrọ̀lóyè rẹ̀ rọrùn gan-an. Ní Jámánì, Horst Köhler kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 2010 nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ nípa iṣẹ́ ológun. Christian Wulff tó tẹ̀ lé e náà lọ ní 2012 nítorí ìwádìí tó dojú kọ ọ́. Ààrẹ méjì lọ láàárín ọdún méjì, ìlú ò mì, àwọn ọkọ̀ ojú irin ò sì pẹ́ ju bí wọ́n ṣe máa ń pẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ.

Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn olóṣèlú ló ń yan ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ olóṣèlú. Àwa náà ti tọ́ ọ wò. Nnamdi Azikiwe di gómìnà àgbà ní November 1960, nígbà tí ìwé òfin 1963 sì dé, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti dìbò fún un. Lẹ́yìn ìbò December 1964 tí apá kan kọ̀ láti dì, Azikiwe lọ́ra láti ní kí Bàlẹ́wà tún gbé ìjọba kalẹ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí àwọn ọmọ ogun máa gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n parí ìjà náà, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní January 1966. Bí ẹ bá mú ọ̀nà yìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ: ohun tí ààrẹ lè dá ṣe, ohun tí kò lè ṣe láìgbàṣẹ, àti ẹni tó ni ọmọ ogun.

Ààrẹ tí ará ìlú yàn, tí kì í ṣèjọba

Ayálandì ni àpẹẹrẹ. Ọdún méje ni sáà, ẹnikẹ́ni ò sì lè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Olóòtú ìjọba ló ń ṣèjọba, ṣùgbọ́n ará ìlú fúnra wọn ló yan ẹni tó wà lókè. Mary Robinson di obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1990, Mary McAleese tẹ̀ lé e, Michael D. Higgins tẹ̀ lé ìyẹn, Catherine Connolly sì wọlé ní 2025. Obìnrin mẹ́ta láàárín ọdún márùndínlógójì, kò sí ìkankan nínú wọn tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ààrẹ.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ààrẹ lè gbé òfin tó ń kọ ọ́ lóminú lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù lọ kó tó fọwọ́ sí i. Cearbhall Ó Dálaigh ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1976. Mínísítà ètò ààbò bú u ní gbangba, ìjọba ò yọ mínísítà náà, ni Ó Dálaigh bá kọ̀wé fipò sílẹ̀ kí iyì ipò náà má bàa wọ́lẹ̀. Ẹ fi wé 2019 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ó Dálaigh fúnra rẹ̀ wọlé láìsí alátakò, ṣùgbọ́n ipò tí ará ìlú ló ni yíyàn rẹ̀ ní ẹnu tó lè fi sọ̀rọ̀.

Kò pé o. Láti díje, ó gbọ́dọ̀ rí 20 aṣòfin tàbí ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ mẹ́rin tó máa fà á kalẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ńlá sì mọ bí wọ́n ṣe ń ti ẹnu ọ̀nà. Ní 2004 kò sẹ́ni tó bá McAleese díje, kò sì sí ìbò rárá. Ní 2025 ìwé ìbò tó lé ní 200,000 ni àwọn èèyàn bàjẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀-ọ́n-mọ̀, nítorí pé inú ń bí wọn sí àwọn tí wọ́n fún wọn láti yàn. Ìbò sì ń náwó, ọba kì í dìbò.

Ibí ni ìtàn Ọsirélíà ti wọlé. Ìwádìí èrò fi hàn nígbà náà pé àwọn tó fẹ́ rìpọ́blíìkì pọ̀. Nígbà tí ìbò bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ dé ní 6 November 1999, ààrẹ tí ilé aṣòfin máa yàn nìkan ni wọ́n gbé síwájú wọn. Àwọn tó fẹ́ fọwọ́ ara wọn yan ààrẹ ní bí kò bá ti jẹ́ báyìí, kí ọba máa jẹ lọ, wọ́n bá àwọn olólùfẹ́ ọba dìbò bẹ́ẹ̀kọ́. Ó lé díẹ̀ ní ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún tó ní rárá, kò sì sí ìpínlẹ̀ kan tó gbà. Àwọn tó fẹ́ràn ọba ò borí; àwọn méjì tí wọ́n jọ kórìíra oyè àjogúnbá ló ja ara wọn ṣubú.

Ààrẹ alágbára

Èyí la mọ̀ jù ní Nàìjíríà láti 1979: ààrẹ kan náà ni olórí orílẹ̀-èdè, òun náà ni olórí ìjọba. Mi ò ní pẹ́ níbí. Bí ẹ bá rò pé kíkúrò lábẹ́ ọba á dín ìnáwó kù, ẹ wo Élysée, ààfin ààrẹ ní Faransé, tó ń ná ju 100 mílíọ̀nù yúrò lọ lọ́dún. Bí ẹ bá rò pé ìrọ̀lóyè á rọrùn, nínú gbogbo ààrẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti gbé ẹjọ́ ìyọnípò dé iwájú ilé aṣòfin àgbà, kò sí ẹyọ kan tí wọ́n dá lẹ́bi. Kòríà Gúúsù nìkan ló ń yà mí lẹ́nu: wọ́n yọ Park Geun-hye ní 2017, wọ́n yọ Yoon Suk Yeol ní 2025.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ààrẹ alágbára lè padà di ọba láìdé adé. Ghana di rìpọ́blíìkì ní 1 July 1960, Kwame Nkrumah di ààrẹ, nígbà tó di 1964 ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló kù lábẹ́ òfin, ọmọ ogun sì gbàjọba ní February 1966. Ní Togo tí kò jìnnà sí wa, Eyadéma gun orí àlééfà ní 1967, ikú ló mú un kúrò ní 2005, Faure ọmọ rẹ̀ ló sì gbapò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti ṣe é rí: wọ́n pa ọba, Oliver Cromwell di alágbàtọ́jú ìlú ní 1653, nígbà tó kú ní 1658 ọmọ rẹ̀ Richard ló jókòó sáyè rẹ̀. Ní 1660 wọ́n lọ mú ọmọ ọba padà wá.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Bí ẹ bá wà ní erékùṣù kékeré tó ti ní gómìnà àgbà tí èèyàn bọ̀wọ̀ fún, tí òfin yín ò sì le, ẹ gba ọ̀nà Barbados, ṣùgbọ́n ẹ bi ará ìlú kódà bí òfin ò bá tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ bi wọ́n. Jàmáíkà ò ní ìrọ̀rùn yẹn, ìbò ará ìlú wà nínú òfin tiwọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú ti Privy Council tí wọ́n ń jà lé lórí, kó má bàa di pé ìbò kan ń dáhùn ìbéèrè méjì.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń dìbò, ti Ayálandì ni màá sì mú. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn ará ibí ní nínú olóṣèlú kéré ju kí wọ́n fún wọn ní ààrẹ yàn lọ. Ṣùgbọ́n màá ní kí ẹnu ọ̀nà ìdíje gbòòrò ju ti Ayálandì lọ, kí olùdíje lè gba ìbuwọ́lù ará ìlú bí aṣòfin ò bá fẹ́ fà á kalẹ̀.

Ìlú tí ẹ̀yà rẹ̀ ò gbọ́ ara wọn yé, tí ọba rẹ̀ sì jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ gbà, kó fi ọba sílẹ̀ ná. Nepal yọ ọba kúrò ní May 2008, láti ìgbà náà olóòtú ìjọba ń pààrọ̀ níbẹ̀ bí aṣọ ẹgbẹ́, nígbà tó sì di 2025 àwọn kan ti ń wọ́de pé kí ọba padà. Ẹni tó bá ń wá ààrẹ alágbára, tí ilé ẹjọ́ ìlú rẹ̀ ò sì le bíi ti Kòríà, kó wo Togo lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ará Ọsirélíà, ẹ bèèrè fún ìbò méjì: ìkíní lórí bóyá ẹ fẹ́ kúrò, ìkejì lórí irú ààrẹ tí ẹ fẹ́. Ẹ̀yin tó wà ní Kánádà, ìwé òfin yín ní kí gbogbo ìpínlẹ̀ pátá gbà, láìku ẹyọ kan, kí adé tó lè kúrò. Ẹ bá wa kí Charles ná.